Ààlè Nínú Ọgbà Òdòdó Òṣòdì

Ọ̀sán Sátidé ni, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń ṣe Ọjọ́ Òdòdó nínú ọgbà tó wà lẹ́bàá ojú irin l'Óṣòdì. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ní agogo méjì, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó fi fèrè kọ́ ọrùn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè, òun sì ni alága ẹgbẹ́ Afínnúfíndọ̀, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ọgbà náà láìgba kọ́bọ̀. Ohun tó bá lẹ́nu géètì kò bá kóòtù rẹ̀ mu rárá. Èrò tó tó igba dúró sí títì, wọ́n ń na ọrùn, kò sẹ́ni tó ń wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà: Ìyá Mọ́nsúrátù, alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ fún àwọn ará Ṣógúnlé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó sì máa ń fi Sátidé rẹ̀ bomi rin òdòdó.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ọjọ́ òní. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú wàhálà kẹ̀kẹ́. Ẹ kú..."

"Ìyá Mọ́nsúrátù, kíkí náà tó! Kí ló dé tí wọn ò wọlé?"

"Wọ́n ní àwọn ń wo ọgbà, sà."

"Láti títì?"

"Ó hàn dáadáa láti títì, sà. Mo lọ wò ó."

"A kì í wo ọgbà láti títì! Gbogbo ìwé tí mo kà ló sọ ọ́. Ará ìlú gbọ́dọ̀ rìn gba inú rẹ̀, kí ó fojú rí, kí ó fimú gbóòórùn, kí ó kọ́ ẹ̀kọ́. Lọ sọ fún wọn pé ọ̀fẹ́ ni."

"Wọ́n mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni, sà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n."

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣé òdòdó ń géni jẹ ni?"

Ìyá Mọ́nsúrátù fi ẹnu júwe. Ògúnlànà yíjú. Lára igi ìdò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tí òun fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ Látìnì sí, àkísà pupa kan ń fì yẹ̀lẹ̀yẹ̀lẹ̀. Ìkarahun ìgbín so rọ̀ lára igi aláràbarà. Níbi róòsì, ìdajì ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, ṣúkù àgbàdo mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan tí kò ní ìkejì sì wà níbẹ̀.

Ohùn alága lọ sílẹ̀. "Ìyá Mọ́nsúrátù. Ààlè nìyẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, sà."

"Ta ló fi ààlè sínú ọgbà ìjọba?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi!"

"Nípàdé ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ẹ dìde, ẹ gbá tábìlì, omi tó wà nínú ife dà sórí akọ̀wé. Ẹ ní róòsì méje ti lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó lè dá olè dúró, kí ó ṣe é, kí ó má bi ẹnikẹ́ni. Mo ṣe é, sà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

"Páálí ni mo ní lọ́kàn! Páálí tó máa kìlọ̀ fún wọn!"

"Páálí mà ti wà lára gbogbo wọn, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe ìkìlọ̀. Orúkọ ni. Wò ó: Kana Índíkà."

"Èmi rò pé ẹni tó ni igi náà ni, sà. Mo ti ń sọ ọ́ lọ́kàn mi pé kí ni Bàbá Kana yìí ń ṣe tó fi ní igi tó báyìí l'Óṣòdì, tí kò sì wá bomi rin ín lọ́jọ́ kan."

Ògúnlànà ṣí fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan.

"Gbọ́ mi. Ní agogo mẹ́rin, ìyàwó ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń bọ̀ níbí. Bí ó bá bá èrò nínú ọgbà, tí a sì já òdòdó ibí lójú gbogbo ènìyàn, tí a fi lé e lọ́wọ́, ọgbà di tiwa. Bí ó bá bá a lófìfo, wọ́n á ní ará ìlú ò fẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á gé gbogbo rẹ̀, àwọn onílọ́rì á máa gbé ọkọ̀ sí i."

"Wọ́n á gé ìdò?"

"Ìdò, róòsì, gbogbo rẹ̀."

"Kí ni mo wá fẹ́ máa bomi rin ní Sátidé? Táyà?"

"Èmi náà ńkọ́? A kì í yan alága fún ibi tí lọ́rì ń sùn! Tú nǹkan wọ̀nyẹn kíákíá!"

Ìyá Mọ́nsúrátù tún gèlè dì, ó na ọwọ́ sí àkísà pupa. Láti títì, igbe kan sọ: "Ó ń tú u o!" Ìdajì àwọn èrò sáré sọdá sí òdìkejì ojú irin. Ó fa ọwọ́ padà.

"Ẹ rí wọn, sà. Wọ́n ní okùn nìkan ni mo lè tú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i ṣì wà níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá fẹ́?"

"Wọ́n fẹ́ rí ẹnì kan tó já òdòdó lójú wọn, tó sì wà lóòró."

"Já a nígbà náà!"

"Èmi tí mo so ó? Wọ́n á ní ààlè mọ̀ mí. Alága ló yẹ, sà. Wẹ́rẹ́ ni. Ẹni tí kò bá ti jí nǹkan níbí rí, kò ní ṣe é ní nǹkan kan."

Ó jọ ohun tó rọrùn. Ògúnlànà tún táì rẹ̀ ṣe, ó fọn fèrè kí àwọn èrò lè wò ó dáadáa, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí òdòdó ìdò. Nígbà tó kù bí ìgbọ̀nwọ́ kan, ọwọ́ náà dúró. Ohun tó dá a dúró jìnnà sí ibẹ̀, ní Ṣógúnlé, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ rẹ̀, níbi tí róòsì méje wà nínú agolo mílíìkì méje, tí wọ́n ń rúwé. Ó ti pẹ́ tí ó ti ṣàlàyé fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe olè jíjà. Olè pọ̀ l'Óṣòdì, òun sì ń gba róòsì ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀.

"Làkúrègbé," ló sọ. "Apá ọ̀tún mi yìí."

"Ẹ lo tòsì, sà."

"Ìjọ wa ò gba ààlè gbọ́."

"Ìyẹn ló dáa jù, sà. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ ló máa yá lára jù."

"Mi ò sọ pé mo gbà á gbọ́ o. Ìmọ̀ ni mo ń wá." Ó yọ pẹ́ńsù láti àpò kóòtù. "Fún ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́. Àkísà yẹn, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Ohun tí olè náà máa wọ̀ nìyẹn, sà."

"Ṣúkù?"

"Bí ilé rẹ̀ ṣe máa rí nígbà tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá lọ tán."

"Ìgbálẹ̀?"

"Òun ló máa gbá wọn lọ, sà."

Pẹ́ńsù bọ́. "Bàtà ńkọ́?"

"Á máa rìn ni, sà. Kò ní mọ ibi tó ń lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní dúró."

"Bó bá ní kẹ̀kẹ́?"

Ìyá Mọ́nsúrátù wo bàtà náà, ó wo kẹ̀kẹ́ alága, ó tún wo bàtà. "Mi ò sọ nípa kẹ̀kẹ́ sí i, sà. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó le níbẹ̀ tí kò ní yé ààlè."

Ògúnlànà sún mọ́ ọn. Láti ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí ti ń fọ aṣọ rẹ̀, "o" àti "ìwọ" ló ń lò fún un. Lọ́jọ́ yẹn, "ẹ" jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ó rán an níṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Mọ́nsúrátù. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ti mú nǹkan kí ẹ tó so ààlè. Ṣé ààlè lè padà sẹ́yìn lọ bá a?"

"Ṣé nǹkan náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, sà?"

"Ẹ jẹ́ ká ní ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

"Ṣé ó já a ni, àbí ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò?"

"Mo rò pé... ẹni náà lè hú u tigbòǹgbò."

"Terùpẹ̀terùpẹ̀?"

"Erùpẹ̀ díẹ̀."

"Háà!" Ìyá Mọ́nsúrátù gbé kòróbà omi sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Terùpẹ̀terùpẹ̀!"

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, mà, wọ́n ń wò wá! Ṣé kò ní àtúnṣe ni?"

"Ó ní, sà. Kí ẹni náà gbé e padà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín sí ojú ihò tó ti hú u. Bó bá ti ṣe ìyẹn, ó lè já gbogbo ọgbà."

"Agogo mélòó ló lù?"

"Rélùwéè tó ń lọ sí Ìdó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, sà. Yóò ti tó méjì ààbọ̀."

Kò dágbére. Àwọn tó wà ní títì sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ò mọ̀ pé ẹni tó ní làkúrègbé lè fi irú eré yẹn gun kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó padà dé, àpótí kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi kóòtù bò ó. Òógùn ti sọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di omi. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó fọn fèrè.

"Ẹ̀yin ará Òṣòdì! Èmi alága yín rí i pé róòsì ọgbà yìí dínkù. Mo fi ara mi jìn, mo wá òmíràn kiri, mo sì fi í ta ọgbà lọ́rẹ!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ láti òkèèrè. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò àtàtà rẹ̀, ó ń gbìn ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Ìyá Mọ́nsúrátù wí, tó ń bomi sí i. "Ọjà wo lẹ ti rí róòsì tó mọ ihò rẹ̀ báyìí? Gbogbo wọn ló ń wọlé gẹ́gẹ́."

"Bomi sí i, má sọ̀rọ̀... Ẹ bomi sí i, mà, ẹ má bínú."

Nígbà tó gbìn tán, ihò kan ṣì la ẹnu sílẹ̀. Ògúnlànà fi ẹsẹ̀ ti ewé gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀. Lójú ẹni tó ti jẹ́ akọ̀wé rélùwéè, mẹ́fà nínú méje jẹ́ máàkì tó dáa. Ó dìde, ó di ojú, ó ka Sáàmù kan láti òkè dé ilẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

"Sà, agogo mẹ́rin ku díẹ̀."

Ó já òdòdó ìdò kan. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó la ojú kan. Ó fọwọ́ kan imú rẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, wọ́n wà níbi tó fi wọ́n sí. Láti títì ni igbe ti sọ: "Ó wà lóòró o!" Igba èèyàn rọ́ wọ inú ọgbà bí omi tó já ìdènà.

Àlejò dé ní agogo mẹ́rin géérégé. Wọ́n fi ìdì òdòdó lé e lọ́wọ́. Ó rìn yí gbogbo ọgbà ká, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àlejò pé nínú gbogbo ibi tí òun ti dé, òun ò tíì rí ọgbà tí igba èèyàn wà nínú rẹ̀ tí ẹnì kankan kò sì fọwọ́ kan ewé. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn onílọ́rì pé kí wọ́n wá ibòmíràn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, tí èrò ti lọ tán, àwọn méjèèjì ló kù. Ògúnlànà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú táì. Ara rẹ̀ ti balẹ̀, "o" sì ti padà sẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Mọ́nsúrátù, o rí i? Ìṣètò ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ pẹ̀lú àìmọ̀kan rẹ, díẹ̀ ló kù kí o fi ìgbálẹ̀ àti ṣúkù ba ọgbà jẹ́. Ìmọ̀ ló gbà wá."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ohun kan ló dùn mí. Olè yẹn. A ò ní mọ̀ ọ́n láé."

"A mọ̀ ọ́n, sà."

"A mọ... ta ni?"

Ìyá Mọ́nsúrátù jókòó sí eteetí bẹ́ǹṣì náà, ó na àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ojú ẹ̀gún pọ̀ lára rẹ̀, àwọn kan ti jinná, àwọn kan ò tíì jinná.

"Mọ́ńdè méje léraléra ni mo ti ń fọ ṣòkòtò kákí yín, sà. Mọ́ńdè méje ni ẹ̀gún róòsì ti ń gún mi nínú àpò rẹ̀. Terùpẹ̀terùpẹ̀."

Rélùwéè kan kọjá. Ó gùn púpọ̀, Ògúnlànà sì dúró dè é títí ó fi kọjá tán.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nípàdé, mà?"

"Ẹ̀yin ni alága àwọn tó ń wá olè, sà. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?"

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

"Ó kù díẹ̀, sà." Ó fi ìka ẹsẹ̀ wọ́ ewé gbígbẹ kúrò lójú ihò. "Mọ́ńdè méje. Róòsì mẹ́fà."

Ògúnlànà wo ihò náà. Ó wo ẹsẹ̀ bàtà tí kò ní ìkejì, tó ṣì ń fì lókè rẹ̀. Ó dìde, ó lọ gbé kẹ̀kẹ́.

"Ẹ dúró dè mí, mà. Mò ń bọ̀ báyìí."

"Mo dúró, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ mú un bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má kì í bọ àpò."