Wọ́n Ní Kí N Mu Ọsàn, Mo Gbé Àpò Lọ

Bí mo bá darúgbó tí mo ṣarán, tí mo gbàgbé orúkọ ọkọ mi pàápàá, ọjọ́ tí mo gbé àpò ìrẹsì wọ oko ọsàn ní Fìdítì kò ní kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ọkọ mi, kò burú. Òun gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun yẹn, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Èkó ń da òṣìṣẹ́ síta bí ẹni ń gbálẹ̀. Wọ́n da ọkọ mi náà síta. Dípò kó wá iṣẹ́ mìíràn, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń ro ìṣirò. Ó ní Èkó ló ń pa wá. Ó ní l'Ékòó, èèyàn ń ra omi, ó ń ra ewé, bí onílé wa bá sì rí ọ̀nà rẹ̀, á wọn afẹ́fẹ́ tà fún wa. Ṣùgbọ́n ní ìlú àwọn àgbẹ̀, iṣu ń bẹ nílẹ̀, èso ń bẹ lórí igi, ẹnu nìkan la ó máa gbé kiri. Ọkùnrin tí kò mọ ewé iṣu yàtọ̀ sí ewé ọ̀dùnkún ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Èmi tó yẹ kí n fi í rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó dá mi lójú pé èmi ni mo gọ̀ jù nínú àwa méjèèjì, torí òun kò mọ̀, èmi mọ̀, mo sì tẹ̀lé e.

Bí a ṣe di ará Fìdítì nìyẹn, nínú yàrá kan, pẹ̀lú maṣíìnì ìránṣọ mi. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé gààrí kì í hù lójúde. Kẹrosíìnì tí à ń sá fún l'Ékòó, òun náà wọ mọ́tò tẹ̀lé wa, ó sì bu owó mọ́tò rẹ̀ lé ara rẹ̀ lórí. Ọkọ mi tún ìṣirò rẹ̀ ro. Ìṣirò náà ò ṣeé jẹ.

Ìrètí kan ṣoṣo ló kù fún wa. Aládùúrà ni Ìyá Onílé wa, ìkórè ìjọ wọn sì ti ń bọ̀. Gbogbo obìnrin ìjọ ló fẹ́ rán sùtánà funfun tuntun, màmá náà sì ti ṣèlérí pé òun á mú mi lọ hàn wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, a ó jẹun. Bí kò bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, màá padà s'Ékòó lọ máa sùn ní pálọ̀ àbúrò mi, kí ọkọ mi máa wá jẹ ìṣirò rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi yẹn, Ìyá Onílé bá mi lójú títì tí mò ń ná ọsàn. Ó fi pákò há ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ìyàwó Èkó! Kí lò ń rà?"

"Ọsàn ni, Mà."

"Ọsàn! Ní Fìdítì! Àwọn onímọ́tò ló ń ra ọsàn. Ti Bàbá ń bẹ lẹ́yìn odò lọ́hùn-ún. Wọ ibẹ̀, kí o mu ún. Ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ojú ọkọ mi là. "Wọ́n ní kí o mu ún, àbí wọ́n ní kí o mú un?"

Mo ní pákò wà lẹ́nu màmá, mi ò lè búra.

"Mú un ni," ló wí, bí adájọ́. "Ẹni tó bá sì ní kó o mú nǹkan, tí ò sọ iye tó o máa mú, kíkó ló ní kó o kó o. Gbé àpò." Ó ní a ó fi ránṣẹ́ s'Ékòó lọ tà. Ẹ wo bí ọkùnrin yìí ṣe fi àmì ohùn kan ṣoṣo sọ wá di oníṣòwò.

Mo wọ bàtà gogoro mi lọ sóko. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọmọ Èkó ni mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé ìyà ló gbé mi wá. Bàtà náà rì sínú ẹrẹ̀ odò, mo fà á yọ. Mo gbọn igi àkọ́kọ́, èèrà ló kọ́kọ́ já bọ́, wọ́n gba ọrùn bùbá mi wọlé, mo sì jó ijó tí ẹnikẹ́ni ò lu ìlù rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò padà. Bí àwọn èèyàn bá ń kọjá lọ sóko wọn, mo máa ń nà ró, màá kí wọn sókè réré pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Wọ́n á dáhùn, wọ́n á wo àpò, wọ́n á sì máa lọ. Mo rò pé wọ́n ń yẹ́ mi sí ni.

Nígbà tí àpò kún, mi ò lè gbé e. Bàbá kan tó gbé àdá kọ́ èjìká ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa, torí mo ní ẹ̀kọ́ ilé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e rù."

Ó wo àpò, ó wo igi, ó wo bàtà mi. "Ọsàn ta ni, ìyàwó?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà ẹ kó díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má tijú."

"Mo dúpẹ́ o," ni bàbá wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti gbin igi yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì fi ọsàn mi ta mí lọ́rẹ rí."

Mo ní Ìyá Onílé ló ní kí n wá, pé wọ́n ní kí n mú un.

"Mú un?"

"Mu ún, Bàbá."

"Ẹn-ẹ́n. Ẹni òǹgbẹ ń gbẹ lè wọ oko ẹnikẹ́ni, kó mu ọsàn kó sì máa lọ. Ilé ni kì í gbé e dé. Mu ni wọ́n ní kí o mu. Ìwọ mú, o tún kó. Jókòó, kí o wá mu."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ṣebí mo mọ èébú Èkó tí mo lè dá padà! Ó yọ ọ̀bẹ, ó ń bó ọsàn fún mi níkọ̀ọ̀kan, mo ń mu. Ètè mi ń ta mí, ikùn mi le, bàbá ò sì yéé bó o. Àwọn obìnrin kan dé láti oko. "Bàbá Ìjọ, ẹ kú iṣẹ́ o!" ni wọ́n kí i. Bàbá Ìjọ! Olórí ìjọ Ìyá Onílé, ẹni tí iṣẹ́ sùtánà wà lọ́wọ́ rẹ̀! Omi ọsàn gba ihò imú mi jáde. Ọ̀kan nínú wọn wá kí mi pé, "Ẹ kú ọ̀sán o, Mà." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀sán ló wí tàbí ọsàn.

Níbi tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbàgbé mi síbẹ̀, mo gbọ́ ìsúfèé. Ọkọ mi ni, ó gbé àpò kejì dání. "Ìyàwó mi, ṣé àkọ́kọ́ ti kún?"

"Ọkọ náà dé," ni Bàbá Ìjọ wí. "Ẹ jókòó, sà."

Ọkọ mi jókòó, ó mu ọsàn. Kò mu ún bí ẹni ìtìjú ń mú. Ó mu ún bí ẹni tí kò rí oúnjẹ láti àná, òótọ́ sì ni. Bàbá wò ó títí, ó wò mí, ó sì fi ọ̀bẹ pa mọ́ jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ni ojú tì mí ní tòótọ́. Kí wọ́n pè mí lólè sàn fún mi ju kí wọ́n mọ̀ pé ebi ń pa wá lọ. Bàbá ní kí a máa lọ, ó sì ní kí a fi àpò náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ní inú ń run mi. Ìyá Onílé wọ́ mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ìjọ dìde lẹ́yìn ìwàásù. Ó ní, "Ìyàwó Èkó ni yóò rán sùtánà wa. Èèyàn tó lè kó ọsàn tó báyẹn pẹ̀lú bàtà gogoro yẹn lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ ò ní dé ilé rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìjọ níbí ni yóò ti máa gé e, ibẹ̀ náà ni yóò ti máa rán an." Ẹnì kan kígbe pé, "Àmín!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn akọrin.

Mo sunkún délé. Iṣẹ́ ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, a ó jẹun, ṣùgbọ́n gbogbo Fìdítì ni yóò máa ṣọ́ ọwọ́ mi. Ọkọ mi fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

"Ṣé o rí i," ló wí, "a ò ní san owó ṣọ́ọ̀bù."

Mo fẹ́ gbá a létí, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Àlejò lójú, kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Tèmi ò tilẹ̀ fi etí gbọ́ràn. Ẹni tó bá ń kó ẹrù lọ sí ìlú onílùú nítorí pé nǹkan wọ́pọ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń mu àti ohun tí wọ́n ń kó. Kó sì jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ gbà á nímọ̀ràn yọ pákò kúrò lẹ́nu.