Ata Àkọ́pọ́n Akínbòdé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ ọ́ fàlàlà pé a kì í fi ojú tọ́ ata wò, ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé ta ni ẹni tó kọ́kọ́ fi ojú tọ́ ọ, tí àwọn àgbà fi ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́? Àgbà kì í ṣòfin lásán. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gun igi kan, ẹ lọ wádìí, ẹnìkan ti já bọ́ níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti ata yìí fún yín. Ìtàn ẹ̀rù ni o. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rù ẹlòmíràn máa ń dùn ún gbọ́ ni.

Akínbòdé ni orúkọ ọkùnrin náà, ìlú Ìlátàn ló ń gbé. Ojo ni. Mi ò bú u, òun fúnra rẹ̀ á sọ fún yín. Bí ewé àgbàdo bá mì nínú oko, á kọ́kọ́ dúró kó mọ̀ bóyá atẹ́gùn ni. Orí òkúta ni wọ́n fún un ní oko sí, níbi tí ọkọ́ ti ń dún gbì gbì, tí iṣu kì í sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó wù ú láyé ni àkùrọ̀ ọba tó wà létí odò, ilẹ̀ dúdú tí ọ̀dá kì í dé. Ọmọ́lará ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí àwọn bá tún fi ọdún mìíràn ro orí òkúta yẹn, òun á kó àwọn ọmọ lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Akínbòdé. Bó bá jókòó sídìí oúnjẹ, àwo àwọn ọmọ ló ń wò.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àkùrọ̀ náà. Onílátàn, ọba ìlú, fẹ́ràn tàtàṣé ju ẹran lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í gba ata tó bá ń ta. Ṣọ̀nbọ̀ kan ṣèèṣì bọ́ sínú ọbẹ̀ rẹ̀ nígbà kan rí, ọba dùbúlẹ̀ àìsàn títí, ẹni tó sì se ọbẹ̀ náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí dòní. Nítorí náà, ẹni tí tàtàṣé rẹ̀ bá kọ́kọ́ pọ́n lọ́dún á gbé e wá sí ààfin, ọba á gé e jẹ ní tútù lójú àwọn ìjòyè, ẹni náà á sì gba àkùrọ̀ ro. Ṣùgbọ́n kí ọba tó jẹ, ahọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ata tuntun. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò ṣáájú ọba, ọjọ́ náà gan-an ló máa ká ẹní rẹ̀ kúrò nílùú.

Àwọn àgbẹ̀ Ìlátàn, èyí tó bá tóbi jù ni wọ́n ń mú ṣe irúgbìn. Tàtàṣé wọn á sanra, á dán, á sì wà lórí igi ní tútù títí á fi rẹ ẹni tó ń wò ó. Akínbòdé jókòó, ó rò ó. Ó ní àwọn tó sanra wọ̀nyí, ìgbà tí wọ́n bá sanra tán ni wọ́n tó ń rántí pé ó yẹ kí àwọn pọ́n. Èyí tí kò tóbi, tí ẹran ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, òun ló ń yá. Kò wo títóbi mọ́. Igi tó bá kọ́kọ́ pọ́n ló ń so òwú mọ́, èso igi yẹn nìkan ló sì ń sá fún irúgbìn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gbin ín sínú ìkòkò fífọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ògiri ti ń móoru, tí yóò máa fi omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà bomi rin ín. Ọgbọ́n gidi ni. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà níbí, ẹ ò ní jiyàn.

Ibi tó kù sí ni pé lẹ́yìn ilé ìdáná yẹn náà ni ìyá ìyàwó rẹ̀ gbin ṣọ̀nbọ̀ sí. Igi tàtàṣé tó wà nínú ìkòkò tó sún mọ́ ṣọ̀nbọ̀ jù lọ ló kọ́kọ́ pọ́n lọ́dún kan, òun ni Akínbòdé so òwú mọ́, òun ló sì mú irúgbìn rẹ̀ gbìn ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi tanná, oyin ń ti ara òdòdó ṣọ̀nbọ̀ fò sí ara òdòdó tàtàṣé. Akínbòdé ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn pé oyin fẹ́ràn ilé òun.

Ọdún tó tẹ̀ lé e yẹn, tàtàṣé àwọn yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná nígbà tí ti Akínbòdé ti pọ́n wẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ààfin. Ààfin ránṣẹ́ padà pé àwọn ìjòyè ń péjọ, kó tètè máa bọ̀. Ó ń to ata sínú agbọ̀n, ó ń fọwọ́ nù ún, nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ yọ sí i.

Ìyá náà wo ata, ó béèrè pé, “Àna mi, irúgbìn ti ibo lẹ gbìn?”

“Ti igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ̀nbọ̀ yín ni, Ìyá. Òun ló kọ́kọ́ pọ́n.”

Ìyá yí ata kan wò. Ó ní, “Tàtàṣé tó bá bá ṣọ̀nbọ̀ gbé, oyin á ti lú wọ́n pọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí á fi ojú jọ tàtàṣé. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló máa mọ̀.”

Àyà Akínbòdé já. Ó wo ata, ata pọ́n, ó ń dán, kò sọ nǹkan kan fún un. Bó bá ń ta, tí ọba sì gé e jẹ, wọ́n á ní ó fẹ́ pa ọba. Bó bá ní òun kò lọ mọ́, ó ti fi ọba ṣeré lójú ìjòyè. Bó bá tọ́ ọ wò kó lè mọ̀, á ká ẹní. Jìnnìjìnnì bò ó.

Ó já ata kan fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó tún na ọrùn pé òun fẹ́ sí i. Ara Akínbòdé fẹ́ẹ́ balẹ̀, àfi bó ṣe rántí pé ewúrẹ́ yẹn kan náà ló jẹ kànrìnkàn Ọmọ́lará tán. Ó ya òmíràn fún adìẹ. Adìẹ ṣa gbogbo kóró rẹ̀ jẹ tayọ̀tayọ̀, ó sì nu ẹnu mọ́lẹ̀. Akínbòdé mí kanlẹ̀. Ó ní ẹyẹ kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ ohun tó ń ta kó dákẹ́.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní, “Adìẹ yẹn ló ń jẹ ṣọ̀nbọ̀ mi láràárọ̀.”

Ẹ̀rù náà tún padà, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Ìgbà náà ni èrò kan wọ orí Akínbòdé, irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tí ẹ̀rù bá ti lé dé ògiri ló lè rò ó. Ó ní òfin sọ pé ahọ́n kò gbọdọ̀ kan ata. Òfin kò dárúkọ ojú. Ojú náà ṣáà ń mọ ohun tó ń ta. Ó ya ata kan sí méjì, ó ti ìka bọ inú rẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó sì fi ìka náà kan ojú.

Ẹ má bi mí bó ṣe rí. Ó sáré débi ìkòkò omi, ó bu omi sójú tó ń ta, ọwọ́ tó sì fi yọ ata náà ló fi bọ́ ojú kejì. Báyìí ló ṣe mọ̀ dájú pé ata òun ń ta. Ibẹ̀ náà ni àwọn ìránṣẹ́ ọba ti bá a, tí wọ́n gbé agbọ̀n, tí wọ́n sì fà á lọ́wọ́ lọ.

Nígbà tí wọ́n mú un dé iwájú ọba, ó dọ̀bálẹ̀ sí apá ibi tó ti gbọ́ ohùn, omijé ń ṣàn. Ọba ṣàánú rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ìjòyè pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé ata wá fún òun, òun kò tíì rí ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí. Ó mú ata tó pọ́n jù nínú agbọ̀n, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

Akínbòdé kò rí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí ààfin ṣe dákẹ́. Ó mọ̀ pé ọba ti lanu. Ẹ̀rù tó ń bà á láti àárọ̀ wá di méjì, ẹ̀rù pé òun á sọ̀rọ̀, àti ẹ̀rù pé òun kò ní sọ̀rọ̀. Èyí kejì ló borí.

“Kábíyèsí, ẹ má jẹ ẹ́. Ó ń ta.”

Ọ̀tún ọba bọ́ síwájú. Ó ti pẹ́ tí Ọ̀tún ti ń wá àkùrọ̀ náà fún ọmọ rẹ̀. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ó ń ta? O ti tọ́ ọ wò.”

“Mi ò fi ahọ́n kàn án, bàbá. Ojú ni mo fi tọ́ ọ wò.”

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ní irọ́ ni, pé tàtàṣé ni ata yìí, ẹni tó bá lójú á rí i pé tàtàṣé ni, kò sì lè ta ẹnikẹ́ni. Ó ní olè ni Akínbòdé, ó ti jẹ nínú rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà tí ọba kò fi ní jẹ ẹ́ mọ́. Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ó gba ata lọ́wọ́ ọba, ó yà á, ó sì fi ìka yí ojú ara rẹ̀ ká.

Ọ̀tún dúró gbagidi. Imú rẹ̀ gbòòrò, etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ojú ìlú kọ́ ni Ọ̀tún máa ti jẹ́wọ́. Ó fi ohùn tín-ín-rín sọ pé, “Kò ṣe nǹkan kan.”

Ọkàn Akínbòdé pami. Ó ti ń rí ẹní tó máa ká, ó ń rí Ọmọ́lará àti àwọn ọmọ lójú ọ̀nà ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òsì ọba ní bí kò bá ṣe Ọ̀tún ní nǹkan kan, òun náà á jẹ́rìí sí i. Ó fi sójú. Ó gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo òjò, ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ìtìjú kò jẹ́ kí ẹni tó kàn sá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ata ń lọ láti ọwọ́ ìjòyè kan dé ọwọ́ èkejì, tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń jẹ́rìí pé kò ta, tí Akínbòdé sì ń kú díẹ̀díẹ̀ sórí ilẹ̀, títí ó fi kan Balógun. Balógun, tí ọfà kò bà lẹ́rù rí, fi ata sójú. Ó pe ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó sáré, ó fi orí gbá òpó ààfin, ó tún padà wá bẹ òpó pé kó má bínú.

Ọba wo àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lajú nínú wọn. Ó ní kí wọ́n gbé agbọ̀n ata náà jìnnà sí òun.

Ó wá ní ata Akínbòdé ló kọ́kọ́ pọ́n, ahọ́n rẹ̀ kò kàn án, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì jẹ́ kó fi òun sínú ewu, nítorí náà Akínbòdé ló ni àkùrọ̀, bí kò bá ṣáà ti ní gbin tàtàṣé síbi tí oyin ṣọ̀nbọ̀ á dé. Ọ̀tún fẹ́ wí pé ata tó ń ta kò lè gba àkùrọ̀. Ó ya ẹnu, ó sì pa á dé, nítorí òun ló jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan pé kò ta.

Àṣà ìlú ni pé ọba á na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí ilẹ̀ tó bá fi ta ènìyàn lọ́rẹ, àwọn ìjòyè á sì wò ó, wọ́n á ní àwọn rí i. Ọba na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí ìhà odò. Ó béèrè bóyá wọ́n rí i. Àwọn ìjòyè, tí wọ́n kọjú sí ògiri, sí òpó, sí ara wọn, dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “A rí i, Kábíyèsí,” kí ọba má baà ní kí wọ́n tún tọ́ ọ wò. Akínbòdé náà kò rí i, ṣùgbọ́n ó ń sunkún, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ata.

Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, ata ń bẹ ní ilé ìdáná, ojú sì ń bẹ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Ìlátàn ti wí tiwọn bí wọ́n ṣe ń táràrà lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí kálukú di aṣọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú: a kì í fi ojú tọ́ ata wò.