Ọjọ́ Tí Mo Fi Ọ́ìlì Mọ́tò Kun Ajá Ọkọ Mi

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, títí kan èyí tó yẹ kí n rántí, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tí mo fi ọ́ìlì mọ́tò kun ajá ọkọ mi ní Odò-Ọwá kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Bí ó bá sọ sí mi lọ́kàn, bí mo tilẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín á fẹ́ẹ̀ pa mí. Lẹ́yìn náà ni omi á lé ròrò sí mi lójú.

Ìgbà náà, náírà ò tíì pẹ́ tó dé, àwọn àgbà ṣì ń fi pọ́n-ùn àti ṣílè ka owó. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí. Èrúkù ni wọ́n ti gbé mi wá, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè mí ní Tíṣà. Oṣù díẹ̀ péré ni èmi àti ọkọ mi fi jọ gbé kí iṣẹ́ tó gbé e lọ sí Kàdúná, sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Inú yàrá kan ni òun àti àwọn ọkùnrin mìíràn ń há mọ́ níbẹ̀, kò sí àyè fún ìyàwó. Ó fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Dúródemí ni orúkọ ajá náà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi ń lọ ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tó dìgbà náà ajá lásán là ń pè é. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, “Dúró dè mí.” Èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ẹ̀wù kàkí tó fi ń lọ sóko ṣì wà lórí ìṣó nínú yàrá wa. Kò pẹ́ tó lọ tí Dúródemí fẹnu fà á wálẹ̀, ó wọ́ ọ lọ sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ lé e. Mo fẹ́ gbà á, ajá náà sì wò mí. Mo mọ ojú tó fi wò mí yẹn, torí ojú kan náà ni mo ń rí nínú dígí. Àárò ọkọ mi ń sọ àwa méjèèjì. Mo fi ẹ̀wù náà sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti ilé ìwé dé, tí mo rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò mí, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n ó gbé e sí imú. Òógùn ni mò ń gbọ́, àti erùpẹ̀ oko, àti ọkọ mi.

Kò pẹ́ tí eégbọn fi dé. Wọ́n wà nínú etí Dúródemí, wọ́n wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mẹ̀jẹ̀ yó, wọ́n wú bí èso lárà. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

“Ìyàwó mi, má tẹ̀ ẹ́ níkùn,” ó ní. “Ìdí ẹnu rẹ̀ gan-an ni kí o dì mú. Fà á tààrà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ má baà ṣẹ́ kù sára ajá.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bu kẹrosíìnì sínú agolo mílíìkì, mo ń yọ wọ́n, mo ń jù wọ́n síbẹ̀. Dúródemí á gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, n ó sì máa sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún un. Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún láìjẹ́ pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ bí mo ti ń yọ ti òní ni ti ọ̀la ń gùn ún. Ìyá ọkọ mi wá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀wù kàkí náà.

“Ibi tí ajá ń sùn ni ulé eégbọn,” ó ní. “Ju àkísà yìí suná.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, àkísà kọ́.”

“Fọ̀ ọ́ nígbà náà.”

Ṣùgbọ́n ọṣẹ á gba òórùn rẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ. Ó wò mí títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, mo fi amọ̀ dí gbogbo ibi tí ògiri ti sán, mo da omi gbígbóná sí gbogbo kọ̀rọ̀. Bí mo bá kan ẹ̀wù, n ó rọra gbé e, n ó gbá abẹ́ rẹ̀, n ó sì tún rọra gbé e padà síbi tó wà. Tíṣà ni mí o, ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó.

Ní ọjọ́ kan, a tò sílẹ̀ fún àdúrà àárọ̀ nílé ìwé, hẹ́dìmásítà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn mi. Ó ní, “Tíṣà, ìlẹ̀kẹ̀ tuntun lẹ fi sọ́rùn ni?” Mo fọwọ́ kàn án. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ń mira.

Mo gba ewé tábà lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo sè é, mo fi omi rẹ̀ wẹ ajá. Dúródemí lá ara rẹ̀, ó bì. Èmi tí èéfín ìkòkò náà ti kó sí nímú, èmi náà bì. A jọ nà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó mu ẹmu àná.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí ni ọkọ mi ránṣẹ́ láti Kàdúná pé òun ń bọ̀ wá ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé lòun yóò wọlé. Ó ní òun ti rí yàrá kan tó jẹ́ ti òun nìkan. Ó ní bí ìyá òun bá yọ̀ǹda mi, òun á mú mi lọ.

Ẹ̀rù àti ayọ̀ bá mi pọ̀. Ìyá ọkọ mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn wo Dúródemí tó ń họ ara lábẹ́ igi gúáfà, ó ní, “Ẹni tí eégbọn ajá kan ṣoṣo ń yọ lẹ́nu, ṣé ó lè dá ulé gbé l'Ókè Ọya?” Mo wá mọ̀ pé ajá yìí ni ìdánwò mi. Bí ọkọ mi bá bá a bẹ́ẹ̀, n ó jókòó sí Odò-Ọwá, n ó máa gbóòórùn ẹ̀wù.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ mi wà tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé, Adúmáadán ni mo fún un ní tèmi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi di ajá mú kí n lè yọ eégbọn inú etí rẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, torí Dúródemí ti gé e jẹ rí.

“Ìyàwó wa, eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá bá a ṣá a,” ó ní. “Èmi kọ́ ni adìẹ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní oògùn.”

Láàárọ̀ Sátidé ó gbé agolo kan wá, ọ́ìlì tó fà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó dúdú, ó ń rùn. “Eégbọn tó bá fojú kan èyí, Ìlọ́fà ni yóò sá gbà lọ,” ó ní. Ẹni tí ojú ń pọ́n kì í bi oògùn léèrè. Mo so Dúródemí mọ́ igi gúáfà, mo fi ọ́ìlì kùn ún láti orí dé ìrù. Ajá pupa di ìdí ìkòkò. Mo wá wọlé lọ gbé omi ìwẹ̀ tèmi kaná, kí n lè múra de ọkọ.

Ohun tí orí mi ò rò ni pé ọrùn tí a fi ọ́ìlì kùn kì í mú okùn. Nígbà tí mo máa jáde, okùn nìkan ló wà nídìí igi.

Ẹ̀yìn ilé wa ni ìjọ Aládùúrà kan wà. Wọ́n ti fọ gbogbo sùtánà funfun wọn nítorí ìsìn ọjọ́ kejì, wọ́n sá a sórí koríko lọ rẹrẹ. Ajá tí ọ́ìlì ń ta lára, kí ni yóò wá ju koríko tútù àti aṣọ mímọ́? Nígbà tí mo dé ibẹ̀, Dúródemí ti fi ẹ̀yìn yí orí sùtánà kan, ó ti dìde, ó ti lọ sórí èkejì. “Dúródemí! Dúródemí!” ni mò ń ké, ó rò pé eré ni. Mo fò mọ́ ọn, ó yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún fò mọ́ ọn, a jọ ṣubú, a jọ yí, ibi tí ọ́ìlì kò sì tíì kàn lára aṣọ, èmi ni mo fi kàn án.

Wòlíì wọn jáde wá. Ó wo aṣọ, ó wo ajá, ó wo èmi. Ó mí kanlẹ̀.

“Tíṣà,” ó ní, “mo ríran lánàá, ṣùgbọ́n ìran náà ò dé ibí yìí.”

Bí mo ti ń ṣa àwọn sùtánà náà jọ ni mo rí ọkùnrin kan lójú ọ̀nà. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ tó gbé e wá ti rì sínú ẹrẹ̀ ní Ìlọ́fà, ìlú tó múlé gbè wá, kò sì lè dúró di ìrọ̀lẹ́, ló bá fẹsẹ̀ rìn. Sáfárì búlúù tuntun ló wọ̀, ẹrẹ̀ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ń wo obìnrin dúdú àti ajá dúdú, kò dá ẹnì kankan mọ̀ nínú wa. Dúródemí ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó fò, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé sáfárì náà láyà.

“Tíṣà?” ọkọ mi ní, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dá lójú.

Mo ti fi ojú inú wo ọjọ́ yìí títí: n ó ti wẹ̀, n ó ti ró ìró tuntun, ajá yóò máa dán. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú ọ́ìlì. “Ẹ káàbọ̀,” mo ní. Mo bú sẹ́kún.

Gbogbo ilé ló fọ sùtánà ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Eérú, ọṣẹ dúdú, omi gbígbóná, àbàwọ́n náà ò lọ tán. Wòlíì ò bá mi jà, ó ní Ọlọ́run kì í wo aṣọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn kan jáde ní ìkórè tiwa láti lọ yọjú wo ẹgbẹ́ akọrin Aládùúrà tó fara jọ ẹtù.

Ọkọ mi wẹ Dúródemí fúnra rẹ̀, ó ní ẹni tó kun ajá ní ọ́ìlì mọ́tò fẹ́ pa á ni. Adúmáadán ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi mú oògùn eégbọn tí àwọn dókítà ẹran ń lò jáde nínú àpò rẹ̀, ó pò ó mọ́ omi, ó fi ṣan ajá náà. Lẹ́yìn náà ló bi wá níbi tí ajá ń sùn. Ìyá rẹ̀ nawọ́ sí igun. Ọkọ mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹ̀wù kàkí náà sókè, ó yí àpò rẹ̀ síta. Eégbọn ńlá, eégbọn kékeré, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, wọ́n ń já bọ́ láti ojú rírán bí ẹni da jéró.

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sun èyí?”

“Bi ìyàwó rẹ,” ìyá rẹ̀ ní.

Ó yíjú sí mi. Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. “Òórùn yín ló wà lára rẹ̀,” mo ní.

Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rín, ó gbé e mì. Ìyá ọkọ mi fi etí aṣọ nu ojú, ó ní èéfín kó sí òun lójú. A ò tíì dá iná.

Ìgbà tí a dá a, ọkọ mi ló ju ẹ̀wù náà sí i. Àwọn eégbọn ń ta pápápá. Mo ń sunkún, ọkọ mi tí ẹ̀wù rẹ̀ ń jó sì dúró tì mí. Òmùgọ̀ pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n mo rò pé èmi ni olórí wọn.

Ìyá ọkọ mi gbá eérú náà jọ. Kò wo ẹnikẹ́ni. “Mú ìyàwó rẹ dání bí o bá ń lọ,” ó ní. “Bí ó bá kù síbí, yóò tún gba èyí tí o wọ̀ sọ́rùn fún ajá.”

Bí mo ṣe dé Kàdúná nìyẹn. Dúródemí sá tẹ̀ lé ọkọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a wálé fún Kérésì, mo bá a nígun ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ara rẹ̀ mọ́, kò sí eégbọn kan. Ó sùn lé ìró mi àtijọ́ kan tí mo rò pé mo sọ nù. Mo wo ìyá ọkọ mi.

“Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́, tí mo ń sá a sóòrùn,” ó ní. Ó wọlé kíákíá, bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ìka ni kí ẹ fi yọ eégbọn ara ajá, ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò kùn ún, ẹ má sì gbàgbé ibùsùn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti lọ, Dúródemí ti lọ, ọkọ mi náà lọ ní àìpẹ́ yìí. Ẹ̀wù rẹ̀ kan wà nínú àpótí mi. N kò ní ajá mọ́, síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń sá a sóòrùn, tí mo ń yí àpò rẹ̀ síta wò. N ó sì gbé e sí imú, n ó fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá nǹkan ń rìn níbẹ̀, n ó wá rẹ́rìn-ín.