Pélé Ìyá Múníírù Nínú JPEG

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo ti gbàgbé láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi di ẹni tó ń lu ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́, nítorí irú fáìlì tí ọkùnrin kan fi àwòrán mi pamọ́ sí ní Ìkòròdú, ọjọ́ yẹn ò ní tán lọ́kàn mi. Mo kàwé dé yunifásítì. Mo mọ ẹni tó ṣẹ̀ mí, mo sì lè sọ gbogbo ohun tó ṣe, bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn.

Apẹja ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, Bàbá Múníírù. Ìyàwó wọn ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo títí wọ́n fi kú. Ìyá náà ò gbà kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò wọn rí. Wọ́n ní àwọn ò ní í fi ojú àwọn sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí àwọn ò mọ̀. Múníírù, ọmọ wọn, wà ní òkè òkun, kò lè wálé wá sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, Bàbá pè mí, wọ́n ní ṣebí èmi ni mo máa ń ya kọ́míìkì, kí n bá wọn ya ìyá yìí kí ọmọ lè rí ojú ìyá rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo yà á, yíǹkì dúdú lórí bébà funfun: ìyá nínú ọkọ̀ ojú omi, ìyá nídìí èéfín, ìyá tó ń bá oníbàárà jà. Bàbá jókòó tì mí nítorí pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó wọn. Wọ́n ní kí n fà á kó tínrín sí i, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí irun. Nígbà tí mo fà á tó bó ṣe yẹ, wọ́n nu ojú.

Ní Lasunwon, ní Ìkòròdú tí mo ń gbé, káfè íńtánẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá Dótun ló ní sikánà tó ń gbé àwòrán láti orí bébà sínú kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún un pé GIF, irú fáìlì tí kì í ba ìlà jẹ́, ni kó fi pamọ́ sí. JPEG dára fún fọ́tò, nítorí ńṣe ló máa ń yọ ohun tó bá rò pé ojú ò ní rí dànù kí fáìlì lè fúyẹ́. Nínú àwòrán onílà, ìlà gan-an ló máa yọ dànù, á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ọ̀gá Dótun wò mí bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń jẹun.

"Bọ̀ọ̀dá, JPEG ni gbogbo ayé ń lò. Ẹ lọ máa ya àwòrán yín, ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún wa."

Ó fi í sí JPEG. Ó fún fáìlì náà mọ́lẹ̀ títí kò fi lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣí i, ó gé etí rẹ̀, ó tún fi pamọ́. Ó tún ṣí i, ó dín in kù, ó tún fi pamọ́. Gbogbo ìgbà tó ń fi pamọ́ yẹn ló ń jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Iná lọ kí n tó rí ohun tí àwòrán náà dà, ó ní òun á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí iná bá dé. Nígbà tí mo padà lọ béèrè bébà mi, ó ti fi ẹ̀yìn wọn tẹ ìwé ìwáṣẹ́ fún àwọn oníbàárà. Ó ní bébà tó mọ́ lòun rí. Bóyá ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ti wo Ìyá Múníírù títí, tó ń ro irú iṣẹ́ tí òun lè fún wọn.

Kó tó di pé mo dé Ẹ̀pẹ́, Bàbá ti pe àwọn àna wọn wá sí káfè kan níbẹ̀ láti wo àwòrán náà. Àlàájì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wà níbẹ̀, ẹni tó ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé àbúrò òun ò gbádùn ilé ọkọ. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti òkè, díẹ̀díẹ̀: gèlè, iwájú orí, ojú. Nígbà tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí pélé. Àbàwọ́n dúdú kan ló wà níbẹ̀, bí ara tí wọ́n lù tó wú. Bẹ́ẹ̀ ló rí jálẹ̀ ìtàn náà. Ìyá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú wíwú, wọ́n ń wa ọkọ̀ pẹ̀lú ojú wíwú.

Àlàájì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ta ló lu àbúrò mi?"

"Pélé rẹ̀ nìyẹn," Bàbá dáhùn.

"Mo mọ pélé. Ilé wa ni wọ́n ti kọ ọ́ fún un."

Mo bẹ́ sí i, mo ń ṣàlàyé JPEG. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni mo ń dà bíi lọ́yà tí Bàbá háyà. Àlàájì ní kí n jókòó, pé kọ̀ǹpútà ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ibẹ̀ la wà tí ìwé Múníírù fi wọlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá ò mọ̀wé, èmi ni mo kà á fún wọn: "Bàbá mi, kí ló ṣe ìyá mi lójú?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ yà, mo lọ sí káfè mìíràn lẹ́bàá Èbúté Ìkòròdú, mo fi ọwọ́ ara mi fi í sí GIF. Pélé náà yọ bí irun. Àlàájì wò ó, wọ́n mi orí.

"Ẹ ti tún un ṣe," wọ́n ní. "Èyí àkọ́kọ́ ló jẹ́ òótọ́."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ayàwòrán má ṣe fi ojú ẹnikẹ́ni lé aláṣejù lọ́wọ́, kó sì fi ojú ara rẹ̀ wo iṣẹ́ náà kí gbogbo ayé tó rí i. Ọ̀gá Dótun ṣì ń ṣe JPEG. Nígbà mìíràn ẹ̀rín máa ń pa mí, pé Bàbá tí kì í jágbe mọ́ ajá, fáìlì ló dá wọn lẹ́bi. Mo máa ń rẹ́rìn-ín náà tán kí n tó dé Ẹ̀pẹ́, nítorí Múníírù ò tíì pe bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn.