Òkúta Ìjókòó Baba Fájínmí

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó ní ilẹ̀ ò gbóná, kò tíì jókòó pẹ́ ni"? Ẹ sún mọ́bí.

Látúndé, ará Òkè-Ìsun, níbi tí omi ti ń tinú àpáta jáde ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í lè jókòó. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bó bá ń kí ọ lọ́wọ́, ó ti ń lọ. Ìbídùn ló fẹ́ fẹ́, àmọ́ Baba Fájínmí, bàbá ọmọ, ti fárígá pé òun ò ní fi ọmọ fún ẹni tí kò lè jókòó. Ó pè é, ó ní:

"Wá jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Bó o bá fi dìde kí n tó sọ ọ́ tán, ọ̀nà ilé rẹ nìyẹn."

Wọ́n ní kí Látúndé jókòó sórí òkúta pẹrẹsẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun náà. Òkúta tutù rinrin. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Lónìí, màá di igi."

Baba bẹ̀rẹ̀ látorí bàbá bàbá rẹ̀. Kó tó dórí bàbá tó bí i, ìdí Látúndé ti ń móoru. Ó gbé apá kan ìdí rẹ̀ sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ìkejì.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń gbóná."

"Ilẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ ló ń yún ọ! Láti ìgbà wo ni ilẹ̀ ti ń dáná?"

Ìbídùn wà nítòsí, ó ń ri ìkòkò ẹ̀gẹ́ mọ́ ilẹ̀ tó móoru náà kí fùfú rẹ̀ lè tètè kan. Ó ní, "Bàbá mi, inú ilẹ̀ dà bí ìkòkò ẹ̀kọ. Èyí tó gbóná ń gòkè, èyí tó tutù ń rọ̀ sísàlẹ̀. Kíki tó ki ni kì í jẹ́ kó yára. Tó bá dókè, afẹ́fẹ́ á kó ooru rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá jókòó lé e ti di ìdérí nìyẹn."

"Ìdérí kọ́, ọmọrí odó ni! Látúndé, sún! Wo bí ọkùnrin ṣe ń jókòó."

Baba jókòó tì í, ó fi agbádá òfì nínípọn rẹ̀ bo òkúta mọ́lẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Láìpẹ́, ohùn rẹ̀ ń ga. Láìpẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Látúndé ń làágùn, omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò mira.

"Nígbà náà ni bàbá mi wá... wá... yéè!"

Gbìà! Baba ti bẹ́ sómi. Àmọ́ omi ìsun náà ò tutù, ńṣe ló tún ta ìdí rẹ̀! Ó tún fò jáde, ó sáré lọ dì mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi ìdí ara rẹ̀ bọ inú ẹrọ̀fọ̀ tútù.

Látúndé ṣì wà lórí òkúta. "Baba, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán?"

"Ó ti tán! Ó ti tán pátápátá! Mú Ìbídùn máa lọ!"

Ìgbà yẹn ni Látúndé tó fò dìde, òun náà forí lé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Baba, ẹ sún díẹ̀ fún àna yín."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi wàhálà ẹlòmíràn ṣẹ̀fẹ̀ ní Òkè-Ìsun, Baba Fájínmí fúnra rẹ̀ ló máa ń fọwọ́ ra ìdí, táá ní: "Ẹni tó ní ilẹ̀ ò gbóná, kò tíì jókòó pẹ́ ni."