Òṣìṣẹ́ Mẹ́sàn-án, Kọ́tìnì Kan

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi. Yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, nínú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin: bẹ́ẹ̀dì, àga kan, kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, kọ́tìnì tó pín yàrá sí méjì. Ọkùnrin tó ń gbé ibẹ̀ ń bá wọn ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá délé, a máa ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, a sì máa kó wọn sórí ìkànnì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lórí ìkànnì náà, ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀ka mẹ́rin. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, pẹ̀lú àwòrán ojú wọn. "Àwa" báyìí, "tiwa" báyìí. Òun nìkan ni gbogbo wọn. Ọdún kẹta rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ ẹ́ wò rí.

Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti lu, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni olú ilé-iṣẹ́?"

Bàbá àgbàlagbà kan ni. Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta nínú àpò àyà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Olú kí ni, bàbá?"

"Ilé-iṣẹ́ Àwòrán. Orí fóònù ọmọ mi ni mo ti rí i. Àdírẹ́sì rèé. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, 'Ẹ wá bá wa ṣiṣẹ́.' Mo sì wá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yí àdúgbò yìí ká, mò ń wá ilé onígíláàsì alájà méje tí kò ní ilẹ̀kùn."

"Tí kò ní ilẹ̀kùn?"

"Bó ṣe wà nínú àwòrán tí wọ́n gbé síbẹ̀ nìyẹn. Fèrèsé lọ súà. Ilẹ̀kùn, kò sí. Mo ní bóyá ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé."

Ara ọkùnrin náà gbóná ju áyọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ya ilé yẹn. Ilẹ̀kùn! Ó ya ẹyẹ sórí òrùlé, ó gbàgbé ilẹ̀kùn.

Ó fẹ́ sọ pé, èmi ni wọ́n. Àmọ́ bàbá ti wò ó láti òkè délẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì. Áyọ́ọ̀nù. Sílípáàsì méjì tí kì í ṣe ìbejì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù.

"Ọmọ mi, ìwọ ni ìránṣẹ́ wọn?"

Kí ni kó wí? Pé òun ni máníjà?

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Bí máníjà ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ gba iṣẹ́ ìránṣẹ́ nìyẹn.

"Ọjọ́ orí rẹ ti ju ti ìránṣẹ́ lọ o."

"Wọ́n ní àwọn á gbé mi ga lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ta ló ni ṣòkòtò tí ò ń lọ̀?"

"Máníjà."

"Ìdí rẹ̀ ti lu."

"Wọ́n máa ń jókòó gan-an, bàbá. Iṣẹ́ pọ̀."

"Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù dà?"

"Wọ́n ń ṣiṣẹ́ látilé."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Òótọ́ tó kọ́kọ́ sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Bàbá wá ibi jókòó sí. Etí bẹ́ẹ̀dì ló sún mọ́ ọn.

"Bẹ́ẹ̀dì wà nílé-iṣẹ́ yín?"

"Ẹ̀ka Ìsinmi nìyẹn."

"Ah. Àwọn òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó gbà fún Ẹ̀ka Ìsinmi. "Àátíìsì ni mí, ọmọ mi. Pátákó ni mò ń kọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Onígbàjámọ̀, oníṣègùn eyín, ilé ẹ̀kọ́, gbogbo pátákó ojú títì yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ẹ̀rọ wá dé. Kéèyàn tó sín, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà. Oṣù keje rèé tẹ́nikẹ́ni ò ti pè mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

"Kì í ṣe ebi o. Àwọn ọmọ ń bọ́ mi. Ọwọ́ ni. Wò ó."

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn ìka ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ewé tí atẹ́gùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

"Ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ a máa gbàgbé. Mo wá wáṣẹ́ kó tó gbàgbé tán."

Òótọ́ dé ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ìgbéraga ò jẹ́.

Bàbá wọ̀tún, ó wòsì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Láàárín èmi àti ìwọ, ọmọ mi. Àwọn ọ̀gá rẹ wọ̀nyí, mo wo ojú wọn lórí fóònù. Ṣé ọmọ ìyá kan ni wọ́n?"

"Kí lẹ rí?"

"Iwájú orí kan náà. Etí kan náà. Kódà ìyá tó jẹ́ Olórí Ẹ̀ka Àwọ̀, tí a bá ká irun gígùn yẹn kúrò lórí rẹ̀, ìwọ gan-an nìyẹn."

"Ẹbí ni wọ́n. Nítorí ẹbí ni wọ́n ṣe gba èmi náà."

"Mo mọ̀! Ẹni tó léèyàn ló ń ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló ṣe ọwọ́ wọn?"

Ibi tó ń dun ọkùnrin náà gan-an nìyẹn.

"Ọwọ́ wọn, bàbá?"

"Kò sẹ́ni tó lọ́wọ́ nínú wọn. Èyí kó o sápò. Èyí kó o sẹ́yìn. Tọ̀hún dúró sẹ́yìn òdòdó. Ìyá Aláwọ̀ kó tiẹ̀ sápò gáùn, gáùn ò sì lápò."

"Inú ni àpò ẹ̀ wà."

"Ẹni tó ń tẹ dùùrù ńkọ́? Awọsánmà bò ó títí dé ìgbọ̀nwọ́. Nínú yàrá! Awọsánmà! Ta ló ń ya ọwọ́ nílé-iṣẹ́ yìí?"

"Òṣìṣẹ́ kan… wà."

"Kò mọ̀ ọ́n yà."

"Kò mọ̀ ọ́n yà, bàbá."

"Ó ń sá fún un ni."

"Ó ń sá gan-an. Ọ̀lẹ ni."

"Èmi ò pè é lọ́lẹ o."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mò ń bá a gbé. Ọ̀lẹ, agbéraga. Ẹ̀ẹ̀kan ló dán ọwọ́ wò rí, ìka méje ló jáde. Ó ní àrà tuntun ni."

"Ìka méje!"

"Lọ́wọ́ kan, bàbá."

Ó yà á lẹ́nu bó ṣe ń dùn. Kó máa bú ara rẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì máa mi orí.

"Ó yẹ kí wọ́n lé e," bàbá wí.

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ."

"Lọ bá mi pe máníjà."

"Máníjà ò… wọn ò sí ńlé."

Bàbá dìde. Orúnkún rẹ̀ dún. "Ó dáa. Màá padà wá lọ́la. Àti ọ̀túnla." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń halẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ lọ́la.

"Ẹ dúró! Bóyá wọ́n ti dé. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbà."

Ó ju áyọ́ọ̀nù sórí ṣòkòtò, ó sá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ohùn ńlá kan jáde.

"TA LÓ Ń DÀ MÍ LÁÀMÚ?"

Ohùn kékeré dáhùn. "Àlejò ni, sà."

"LỌ́JỌ́ ÌSINMI?"

"Ẹ má bínú, sà."

Ó gbá ara rẹ̀ létí kí ọ̀rọ̀ náà lè dájú. Ó dùn ún dọ́kàn.

"Ọ̀gá máníjà," bàbá ké láti iwájú kọ́tìnì, "ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má na ọmọ yẹn. Ìránṣẹ́ dáadáa ni, àfi pé ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀."

"KÍ LẸ FẸ́, BÀBÁ?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Ìyá Aláwọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n wà níbẹ̀? Kí n kí wọn."

Ẹnìkan húkọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì. Lẹ́yìn náà, ohùn tínínrín kan, tó gbọ̀n bí okùn tó fẹ́ já.

"Ẹ káàbọ̀ o, bàbá."

"Ẹ kú ilé, ìyá. Kí ló ṣe ohùn yín?"

"Òtútù ni."

"Pẹ̀lú ooru yìí?"

"BÀBÁ," máníjà já wọ ọ̀rọ̀ náà, "A TI GBỌ́. ÌGBÌMỌ̀ YÓÒ JÓKÒÓ LÓRÍ Ọ̀RỌ̀ YÍN."

"Sórí àga kan ṣoṣo yìí?"

Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi."

"TA LẸ Ń PÈ LỌ́MỌ?"

"Kọ́tìnì yín ò délẹ̀."

Ó wo ìsàlẹ̀. Sílípáàsì pupa kan. Sílípáàsì búlúù kan.

"Máníjà, ìránṣẹ́, Ìyá Aláwọ̀. Ẹsẹ̀ méjì péré ni mo rí. Ṣòkòtò máníjà sì ti ń jóná."

Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti ọkùnrin yìí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bẹ́ jáde, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Èéfín. Ihò ńlá, nítòsí ihò ti tẹ́lẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣòkòtò lórí itan.

"Kò sí máníjà, bàbá. Kò sí ẹ̀ka kankan. Èmi nìkan ni. Mi ò níṣẹ́ tí mo lè fún yín. 'Àwa' tí mo kọ síbẹ̀… bí mo bá kọ 'èmi,' ó máa ń kéré lójú mi."

"Mo mọ̀."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ìgbà tí ò ń bú ẹni tó ń ya ọwọ́. Èèyàn kì í mọ àléébù ẹlòmíràn dé ìka keje."

"Ẹ sì ń wò mí níran!"

"Oṣù méje ni mi ò ti rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Mo ní kó o parí ẹ̀." Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì kan nínú àpò. "Ọwọ́ tí o fẹ́ yà, níbo lo ti ń wò ó?"

"Orí ẹ̀rọ."

"Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti bí ọ lo ti gbé méjì dání. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìwọ lọ kó tìẹ sápò gáùn. Gbé e síbí."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé tábìlì. Bàbá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ife tíì tó ti tutù, ó fa ìlà sẹ́yìn àpò ìwé kan. Ọ̀kan. Èkejì. Kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ kan wà lórí ìwé náà, ìka márùn-ún, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ aṣọ tán.

Ọwọ́ bàbá ò gbọ̀n. Àwọn méjèèjì rí i. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Bàbá fa àga kan ṣoṣo náà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

"Lọ sọ fún máníjà pé mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Bàbá, mo ti ní kò sí—"

"Lọ sọ fún un. Àwa méjì ni wá báyìí. 'Àwa' rẹ ti di òótọ́, má tún un kọ. Ilẹ̀kùn ilé onígíláàsì yẹn ni màá kọ́kọ́ ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya ọwọ́ yẹn, èmi ò lè bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí wọ́n lé e lónìí."

Ọkùnrin náà wo bàbá. Ó wo kọ́tìnì. Ó dìde, ó wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Sílípáàsì pupa, sílípáàsì búlúù. Ohùn ńlá sọ̀rọ̀. Ohùn kékeré bẹ̀bẹ̀. Ẹnìkan gbá ẹnìkan létí. Ó yọrí jáde.

"Máníjà ní àwọn ti lé e, bàbá. Àmọ́ ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ní ibí ni bẹ́ẹ̀dì òun wà."

Bàbá ò gbójú kúrò lára iṣẹ́.

"Kó dúró, nígbà náà. Ẹnìkan ṣáà ní láti máa fọ búrọ́ọ̀ṣì."