Bí Ma Deok-chil Ṣe Sọ Ará Amẹ́ríkà Di Ará New Zealand

Ohùn tí mo kọ́kọ́ rántí láyé mi, láti ìgbà tí mo ṣì ń rákòrò, kì í ṣe ohùn ìyá mi, kì í sì í ṣe ti òkun tó ń lu òkúta lẹ́yìn ilé wa. Ohùn Ma Deok-chil ni, tó ń húkọ́ ní ìkòríta. Kì í ṣe ikọ́ àìsàn. "Hẹ̀n-hẹ́n-hẹ̀n." Bó bá ti dún báyẹn, àwọn ìyá wa á fà wá kúrò lójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ọlá ló ń bọ̀. Ọlá náà kò tíì dé títí dòní, ṣùgbọ́n ikọ́ rẹ̀ kò yéé ṣáájú.

Ma Deok-chil, Alága-kó-tó-jẹ, Abẹ̀rẹ̀-wọlé-kórí-má-gbàtẹ́rígbà. Òun ló kúrú jù ní gbogbo Dolgae, abúlé wa létí òkun, síbẹ̀ kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í bẹ̀rẹ̀ kó tó gbà kọjá. Ó ní káàdì orúkọ kan tó kún fún oyè bí ẹja kéékèèké ṣe ń kún agbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ni Alága Àwọn Òbí fún ilé ìwé abúlé wa. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ti ilé ìwé náà pa, nítorí kò sọ́mọ mọ́.

Oyè kan ṣoṣo ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tó: Alága Ẹgbẹ́ Onílé-Àlejò. Ní ọjọ́ àjọ̀dún ewé òkun ni àwọn onílé mẹ́rìnlá máa ń nawọ́ sókè láti yan alága. Ma sì ti ń fọ ẹnu sílẹ̀ dè é láti ìgbà òtútù.

Ìgbà yẹn gan-an ni Amẹ́ríkà gbé owó ibodè lé ewé òkun tí à ń tà fún wọn. Inú bí wa. A bínú bí ará Dolgae ṣe ń bínú: a jókòó ti ọtí ìrẹsì, a sọ̀rọ̀ burúkú díẹ̀, a mi orí, a padà sídìí iṣẹ́. Ma nìkan ni kò padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n ní ibi tí ilé gbé ń jó ni olè ti ń rí iná yáná. Ma nawọ́ méjèèjì sí i.

Ó pe àwọn onílé jọ. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ìyì ilẹ̀ baba ẹni, pé ará Amẹ́ríkà kankan kò gbọdọ̀ sùn ní Dolgae mọ́. Onílé tó bá gbà wọ́n, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé ẹgbẹ́ fún ọdún kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó máa darí àlejò sílé rẹ̀; aláǹtakùn ni yóò máa gbà lálejò. Ma wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nawọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ìkéde gígùn kan ti wà ní ẹnu èbúté: DOLGAE KÒ FẸ́ ARÁ AMẸ́RÍKÀ. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ Ma Deok-chil wà, ó sì tóbi ju ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀ lọ.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí àjọ̀dún pé, òjò ń rọ̀, tọkọtaya arúgbó kan dúró sí ẹnu géètì Ìyá Àgbà Okbun, ọ̀kan nínú àwọn onílé mẹ́rìnlá. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ òjò pupa, wọ́n sì ń fa àpótí. Wendell lorúkọ ọkọ, Joyce lorúkọ ìyàwó. Ọdún mẹ́ta ni Wendell ti fi kọ́ èdè wa nínú fóònù, fóònù náà kò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà.

"Màmá, o ti jẹun?" ló wí fún obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.

Ìyá Okbun ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ẹnìkan kò tíì bá òun sọ̀rọ̀ bí ọmọdébìnrin mọ́, pé ó dùn mọ́ òun. Ó bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá. Wendell tẹríba, ó ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Nebraska, kí ó má bínú. Ìyá Okbun wo yàrá rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo. Ó wo aṣọ ìkéde tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú òjò. Ó fún wọn ní tíì ọkà báálì gbígbóná, ó ní kò sáyè, ó sì ti géètì. Ó ní títí ilẹ̀ fi mọ́, òun ń dìde wo ẹnu géètì.

Ta ló dúró lẹ́yìn òpó iná pẹ̀lú agboòrùn? Abẹ̀rẹ̀-wọlé ni.

Bí géètì ṣe ti, Joyce sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí wọ́n bá tún bi wọ́n léèrè, kó sọ pé Kánádà ni. Ma gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín bí ọ̀gá tó ń wo iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́.

"Kánádà kò jìnnà tó," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ ibi tó ti wá, kó rí i pé ó kọjá òkun méjì. Láti òní lọ, New Zealand lẹ ti wá."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Wendell béèrè.

"Àgùntàn. Bí wọ́n bá bi yín ní ohunkóhun, ẹ dáhùn àgùntàn."

Ó fún wọn ní yàrá tó kọjú sí òkun nílé àlejò tirẹ̀. Ó gba owó yàrá, ó tún gba ìdajì rẹ̀ lé e. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ owó òtítọ́, èkejì jẹ́ owó irọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Okbun pàdé wọn lójú ọ̀nà, Ma ń ṣíwájú wọn bí akùkọ.

"Deok-chil, ṣé àwọn tí mo lé lánàá kọ́ nìwọ̀nyí?"

"Rárá o, Ìyá. Àwọn ti àná ti wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ará New Zealand nìwọ̀nyí."

"Aṣọ òjò pupa yẹn ńkọ́?"

"Òjò kan náà ló ń rọ̀, Ìyá."

Ìyá Okbun ní òun ti gbọ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, gbogbo Dolgae ti gbọ́ pẹ̀lú. Àwọn àgbà fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, bí àṣírí bá tú, Ma á lé arúgbó méjì sínú òjò kó lè wẹ ara rẹ̀ mọ́. Èkejì, ó ti pẹ́ tí a ti rí eré tó dùn tó báyìí.

Báyìí ni Wendell ṣe di ọmọ abúlé. Ojoojúmọ́ ló ń bá àwọn ìyá àgbà ṣa ewé òkun, tí wọ́n ń bi í nípa àgùntàn rẹ̀. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ni, òun sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Wọ́n ní kó dárúkọ wọn. Ó dárúkọ mọ́kànlá kó tó dúró mu omi. Joyce wá sọ ọ́ sí Ìyá Okbun létí, pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè wa tó gbọ́, pé orúkọ àwọn àbúrò ọkọ òun ni.

Nígbà tí Wendell jẹun ní ìsọ̀ núdù, ó fi owó díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ abọ́ láti fi dúpẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú rẹ̀. Obìnrin onínúdù rò pé ó gbàgbé rẹ̀ ni, ó lé e dé èbúté, ó dá a padà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún fi sílẹ̀, obìnrin náà tún sáré. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti wọ bàtà ìsáré dè é. Wendell sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kórìíra Amẹ́ríkà lọ́nà tó dára báyìí rí.

Ká ní Ma fi àlejò rẹ̀ pamọ́ ni, ì bá jẹ alága. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìyẹ́ ọ̀kín há àpò kó má yọ sóde. Ó rò ó pé, kí ló tún lè fi hàn pé a kò nílò Amẹ́ríkà ju kí òun gbé ará New Zealand gorí pèpéle lọ́jọ́ ìdìbò? Ó pe àwọn tó ń tẹ aṣọ ìkéde nílùú. Wọ́n bi í pé irú àsíá wo ni kí àwọn tẹ̀ sí i. Ó ní ṣé wọn ò mọ New Zealand ni, èyí tó ní àwọ̀ búlúù, tó ní ìràwọ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé, oòrùn ràn. Aṣọ náà bo gbogbo ẹ̀yìn pèpéle: ALÁGA MA DEOK-CHIL MÚ NEW ZEALAND WÁ SÍ DOLGAE. Wọn kò tíì nawọ́, ó ti ń pe ara rẹ̀ ní alága. Àsíá búlúù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ma sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì fi tutù. Ó ní àwọn kan rò pé bí a bá lé Amẹ́ríkà, ebi á pa wá, kí wọ́n wá wo ohun tí ìfẹ́ ilẹ̀ baba ẹni lè ṣe. Ó ní kí Wendell dìde. Wendell wo àsíá náà, ojú rẹ̀ kún fún ọpẹ́, ó tẹríba fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Pyo wà níwájú. Ó ti fi ọdún méjìlélógún wa ọkọ̀ apẹja ní òkun gúúsù kó tó wá ṣí ilé àlejò, kò sì sí èbúté New Zealand tí kò tíì mutí níbẹ̀ rí. Ó lè fara da irọ́ Ma. Àsíá tí wọ́n gbé sódì ni kò lè fara dà.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi àlejò wa ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ bi í," Ma dáhùn. "Ó mọ̀wé dáadáa."

Bàbá Pyo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ. "Ọ̀rẹ́ mi, ìràwọ̀ mélòó ló wà lára àsíá ìlú yín?"

Láti ọjọ́ tí Wendell ti dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí tí kò ní àgùntàn nínú. Ojú rẹ̀ tàn bí ti ọmọ tó mọ ìdáhùn níwájú tíṣà.

"Àádọ́ta," ló wí.

Joyce fi fìlà bo ojú.

"Àádọ́ta," Bàbá Pyo tún un sọ. Ó yíjú sí aṣọ náà, ó ń fi ìka kà á. "Mẹ́fà ló wà níbí. Ti Ọsirélíà nìyí. Ti New Zealand, mẹ́rin péré ni, wọ́n sì pupa. Alága, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ilé ta ni wọ́n ti ń ní àádọ́ta?"

Ma lanu. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí ikọ́ náà kò wá.

"Wọ́n ti fi kún un," ló wí níkẹyìn. "Ìlú náà ń gbòòrò."

Ẹ̀rín bú láti èbúté dé ìsọ̀ núdù. Ìyá Okbun fi ọ̀pá dìde.

"Deok-chil, jókòó. Mo ti pọ̀n ọ́ rí. Mo mọ bí ojú rẹ ṣe máa ń rí bó o bá ti tọ̀ sára." Ó dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ti géètì mọ́ àwọn èèyàn yìí nínú òjò, nítorí òfin rẹ. Ìwọ ló dúró sẹ́yìn òpó tó o mú wọn lọ. Gbogbo wa la mọ̀. À ń wò ọ́ títí yóò fi rẹ̀ ọ́."

Wendell dìde, ó tẹríba tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. "Amẹ́ríkà ni mí," ló wí. "Mi ò ní àgùntàn kankan."

"A mọ̀, ọmọ mi," ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ṣa ewé òkun dá a lóhùn. "Àwọn àbúrò rẹ mọ́kànlá ńkọ́, ṣé wọ́n wà dáadáa?"

Wọ́n ní ká dìbò síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ọjọ́ ìdìbò ni. Wọ́n ní kí ẹni tó fẹ́ Ma nawọ́. Ẹnìkan péré ló nawọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ma, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé òun nìkan ni, ó fi ọwọ́ náà họ orí. Bàbá Pyo ni wọ́n yàn. Ó ní òfin ni òfin, kí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí ẹni tó ṣe é, kí wọ́n wá sọ ọ́ sókun. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sórí orúkọ Ma Deok-chil nínú ìwé ẹgbẹ́, ní ojú gbogbo èèyàn. Wọ́n ti lọ kó ẹrù àlejò jáde nílé Ma: Ìyá Okbun di àpótí kan mú, obìnrin onínúdù di èkejì mú, wọ́n ń fa àlejò wọn lọ sí yàrá tó ṣófo. Wendell ń bi wọ́n lójú ọ̀nà pé ṣé wọ́n ti jẹun.

Nígbà tí Ma délé, bẹ́ẹ̀dì yàrá tó kọjú sí òkun ti wà ní òfìfo. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn tó fọ̀ láàárọ̀ ti gbẹ lórí okùn. Aṣọ ńlá ni, ti èèyàn méjì láti ká. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ tẹ etí aṣọ náà mọ́ àyà, ó na apá rẹ̀ kúkúrú méjèèjì, etí kejì bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e, ó gbọn iyanrìn rẹ̀ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ló tó ká.